Ìfọkànsí àti Másùnmáwo Nídìí Ìwé Kíkọ ní Yunifásítì

Másùnmáwo tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ yunifásítì fínra nídìí ìwé kíkọ kì í sábà ti inú gbólóhùn tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ wá, bí kò ṣe inú ìdájọ́ tí òǹkọ̀wé ti ń gbọ́ lọ́kàn kí ẹnikẹ́ni tó ka iṣẹ́ rẹ̀. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó wà níwájú ẹni tó jókòó ti àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n alábòójútó rẹ̀ àti olùdánwò tí yóò ti yunifásítì mìíràn wá ti gbalẹ̀ sí i lọ́kàn, èjìká rẹ̀ ti le, èémí rẹ̀ kò délẹ̀ mọ́, gbólóhùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ló sì tún ń pa rẹ́.

Ìfọkànsí ni kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọkàn lé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ nínú ara àti èrò rẹ̀, láìdá a lẹ́bi, láìdá a láre. Inú ẹ̀sìn Búdà ló ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1979, Jon Kabat-Zinn sọ ọ́ di ètò ọlọ́sẹ̀ mélòó kan ní ilé ìwòsàn yunifásítì kan ní Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láìsí ẹ̀sìn nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé kò sí ohun tí Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì ní láti kọ̀ sílẹ̀ kó tó ṣe é.

Bí a ṣe ń lò ó nídìí ìwé kíkọ nìyí: kí òǹkọ̀wé tó ṣí kọ̀ǹpútà, yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, yóò sì máa kíyè sí èémí bó ṣe ń gba imú wọlé tó ń jáde. Ọkàn yóò sá lọ bá olùdánwò, kò sí àní-àní. Bó bá ti mọ̀ pé ó ti sá lọ, kó rọra dá a padà sórí èémí, nítorí dídá a padà yìí gan-an ni iṣẹ́ náà, kì í ṣe àmì pé kò mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ìpayà bá dé láàárín gbólóhùn, kò ní sá lọ bá fóònù; yóò wo ibi tí ìpayà náà jókòó sí lára, ìbáà jẹ́ àyà tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò parí gbólóhùn náà bó ti wù kó burú tó.

Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2014 nínú JAMA Internal Medicine, tó kó àyẹ̀wò 47 lórí àṣàrò, tí ìfọkànsí wà lára rẹ̀, pọ̀, tí ènìyàn 3,515 kópa nínú wọn, fi hàn pé ẹ̀rí pé ó ń dín àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kù mọ níwọ̀n, pé ẹ̀rí pé ó ń dín másùnmáwo fúnra rẹ̀ kù kò sì lágbára. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa polówó ìfọkànsí bí oògùn gbogbonìṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àníyàn gan-an ló ń fa gbólóhùn lọ́wọ́ òǹkọ̀wé sẹ́yìn. Bákan náà, alábòójútó tó gbé orí kan nínú àpilẹ̀kọ sórí tábìlì fún oṣù mẹ́fà láìkà á jẹ akẹ́kọ̀ọ́ ní gbèsè tí èémí mímí kò lè san, yunifásítì tó bá sì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìfọkànsí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ọjọ́ tí wọn yóò máa dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un.