Géèmù Jàǹdùkú àti Orúkọ Tí À Ń Sọ Ọmọ Ẹlòmíràn

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá, Igbó-Ọrà)

 

Kò sí ọmọ Igbó-Ọrà tó dé Ìbàdàn tàbí Èkó tí wọn kò ní bi pé, "Táyé ni ọ́ ni àbí Kẹ́hìndé?" Wọn á tún ní ọbẹ̀ ìlasa ló ń fa ìbejì wa. Ẹ̀rín la máa ń fi í rín. Irú orúkọ àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń pa èèyàn la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ibi tí a sì ti bá a pàdé ni ṣọ́ọ̀bù géèmù tí àwọn ọmọ wa ń yà sí lẹ́yìn ilé ìwé.

Bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbá níbẹ̀, a kò rí wàhálà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá sú wọn, wọn á béèrè Vice City. Ọdún 2002 ni ilé iṣẹ́ Rockstar gbé e jáde. Edinburgh ní Scotland ni wọ́n ti ṣe é, àmọ́ Miami ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ìlú inú rẹ̀ jọ. Ọmọ tó bá mú páàdì lọ́wọ́ ti di Tommy nìyẹn, ọ̀daràn tó ń jí mọ́tò, tó ń yìnbọn fún ẹni tó bá wù ú. Nínú ìtàn náà, àwọn jàǹdùkú ará Cuba àti ará Haiti ń bá ara wọn jà ní ìgboro. Ìyá àgbàlagbà ará Haiti kan wà níbẹ̀ tó ń po oògùn fún èèyàn mu, títí onítọ̀hún á fi máa jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láìmọ ohun tó ń ṣe. Ó tún dé ibì kan tí wọ́n ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé kí wọ́n pa àwọn ará Haiti.

Àwọn ọmọ Haiti tó wà ní Amẹ́ríkà kò gbà. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn ní ìparí ọdún 2003, Bloomberg tó jẹ́ olórí ìlú New York nígbà náà sì dá sí i. Ní oṣù Kejìlá, ilé iṣẹ́ náà gbà láti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú èyí tí wọ́n bá tún ṣe. Èyí tó ti jáde lọ kò ṣe é kó padà. Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé àjèjì ni wọ́n bú. Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Haiti títí di òní, ìdílé òrìṣà kan ń jẹ́ Nago, Ògún wa sì ni wọ́n ń pè ní Ogou.

Àwọn kan á ní, ṣé eré lè sọ ọmọ di olè? A kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lé e lórí tipẹ́, ẹnu wọn kò tíì kò. Àwa náà wo fíìmù Ṣáínà nígbà èwe wa, a fi igi ṣe ìbọn, a kò di adigunjalè. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé eré náà ti bá ọmọ yan ẹni tó lè yìnbọn fún láì béèrè ohun tó ṣe. Ìlú tí onítọ̀hún ti wá ti tó ẹ̀ṣẹ̀.

A mọ ohun tó jọ ọ́ láìsí géèmù. Nídìí iṣẹ́ báǹkì tí à ń ṣe, ọmọkùnrin tó bá dirun, tó gbé kọ̀ǹpútà kọ́ èjìká, àwọn tó wà lórí ìlà á ti máa pè é ní Yahoo kó tó dé ojú káńtà. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ owó adìyẹ tó tà ló wá gbà. Orúkọ yẹn náà ni àwọn ọlọ́pàá SARS fi ń dá ọ̀dọ́ dúró lọ́nà, tí àwọn mìíràn sì bá a lọ, títí wọ́n fi tú SARS ká ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 2020.

Ẹ jẹ́ kí a dé ilé wàyí. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, ṣùgbọ́n ayẹyẹ ọdún kẹwàá kì í ṣe ti ijó nìkan. Àwọn ajínigbé ṣọṣẹ́ ní Ìbàràpá. Àgbẹ̀ kú sọ́nà oko, owó ìtúsílẹ̀ sọ olówó di onígbèsè. Ẹni tó bá ní ìbínú àwọn ará Ìgàngàn kò nídìí, kò gbé ilẹ̀ yìí ni. Síbẹ̀, nígbà tí iná sọ ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu: "Fúlàní". Ìyá oníwàrà wà lára ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bí àwọn ọmọ rẹ̀ síhìn-ín, tí wọ́n ń sọ èdè wa ju àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó lọ. Wọ́n sun ilé, ìdílé sá. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, àwọn apànìyàn wọ Ìgàngàn lóru, wọ́n pa èèyàn tó lé ní mẹ́wàá, wọ́n dáná sun ààfin. Àwọn tó kú lóru ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe.

Ìdí nìyí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ géèmù wá síwájú ẹgbẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 17 sókè ni wọ́n kọ sára páálí Vice City. Ọdún 18 ni ti Britain. Àmọ́ inú ọ̀rá lásán ni ẹ̀dà tiwa sábà máa ń wà, kò sí páálí, kò sí ọjọ́ orí. Ẹ̀yin tó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ sára ògiri, kí ọmọ tó wọ aṣọ ilé ìwé má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó ti ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan, láìmú ẹgba dání. Tó bá ti yìnbọn fún ẹnì kan lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ rọra bi í pé: ta ni ọkùnrin yẹn, kí ló ṣe ọ́?