Wárápá Ṣeé Kápá



Obìnrin kan tí wárápá máa ń gbé ṣánlẹ̀ wá bá Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a). Ànábì kò lé e. Àlùjánnà ni ó ṣèlérí fún un bí ó bá ṣe sùúrù. Kí ló dé tí àwa ń ya abọ́ ọmọ wa sọ́tọ̀, tí a ń yọ ọ́ kúrò ní ilé-ìwé? Àìsàn ọpọlọ ni wárápá. Kì í ti ara itọ́ ràn.

Oògùn rẹ̀ sì wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ìtọ́jú bá péye, ó lè tó ènìyàn 7 nínú 10 tí kò ní í ṣubú mọ́.

Ara sùúrù ni lílo oògùn náà lójoojúmọ́. Ẹni tí ó já a sílẹ̀ lójijì nítorí pé kò ṣubú fún oṣù mélòó kan, ewu ni ó fi ara rẹ̀ sí. Ó máa ń tó ọdún 2 láìṣubú kí dókítà tó ronú àtidín in kù, díẹ̀díẹ̀ sì ni.

Ẹ ṣọ́ra nínú Ramadan, nítorí àìsùn àti fífo oògùn a máa fa ìṣubú. Ẹ bi dókítà kí ààwẹ̀ tó dé, bóyá sààrì àti ìṣínu yóò tó fún oògùn yín. Bí kò bá tó, ẹ má fi agídí gbààwẹ̀. Al-Kùránì (2:184) ti yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn wa sàn. Àmín.