Kọ́kọ́rọ́ Inú Àpótí: Ọ̀rọ̀ Tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Sọ Níbi Ìpàdé Wa ní Òde Rẹ́mọ

Wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe wọ inú ímeèlì ẹgbẹ́ lẹ́yìn tí fóònù mi lọ.

Gbéwiri ló yọ ọ́ lápò mi ní gáréèjì Ṣàgámù. Orúkọ àwọn ọmọ tí a fẹ́ san owó ìdánwò fún wà nínú ímeèlì yẹn, ó sì ku ọjọ́ 2 kí ìforúkọsílẹ̀ parí. Mo mọ password, àmọ́ kóòdù onínọ́ńbà 6 tó máa ń béèrè lẹ́yìn rẹ̀, inú fóònù ló wà. Àwọn kan ní, "Akọ̀wé, ó ti tán nìyẹn." Kò tíì tán o.

Níbo lẹ rò pé kóòdù yẹn ti ń wá? Èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù, ẹni tó bá gba SIM yín ló máa kà á. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi í ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí a ṣètò rẹ̀, wọ́n fún wa ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí, lẹ́tà àti nọ́ńbà gbọọrọ. Fóònù ní in, àwọn náà ní in. Tọ̀tún tòsì á wo aago, wọ́n á ka iye ìgbà tí ìṣẹ́jú àáyá 30 ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, wọ́n á pò ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà, nọ́ńbà kan náà á sì jáde. Bí àrokò ni: ẹni tó mọ àṣírí rẹ̀ ló lè kà á. Ọdún 2011 ni wọ́n tẹ ìlànà yìí jáde fún gbogbo ayé, TOTP lorúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe fóònù ló ni kóòdù, kọ́kọ́rọ́ ló ni ín. Èmi sì ti kọ tiwa sínú ìwé, mo tì í mọ́ àpótí irin ẹgbẹ́. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi tó ń lo Linux, mo fi oathtool sí i, mo wọ ojú tí wọ́n ń pè ní terminal, mo tẹ:

oathtool --totp -b -

Mo tẹ Enter, mo kọ kọ́kọ́rọ́ náà síbẹ̀, mo tún tẹ Enter. Nọ́ńbà 6 yọ, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Mo wọlé. Mo pa kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ rẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí ó ṣì wà nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ olè, mo gba tuntun. Àwọn ọmọ wa sì forúkọ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ 3. Kọ̀ǹpútà máa ń tọ́jú àṣẹ tí a bá tẹ̀, nítorí náà ẹ má tẹ kọ́kọ́rọ́ mọ́ àṣẹ lórí ìlà kan. Iṣẹ́ àmì tó gbẹ̀yìn yẹn nìyẹn. Bí aago kọ̀ǹpútà bá ṣìnà, kóòdù á ṣìnà. Ẹ má sì kó password àti kọ́kọ́rọ́ síbì kan náà. Ẹni tó bá jí ọ̀kan ti jí méjèèjì nìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí Alága àti Akápò gba ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ tuntun náà lónìí, nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa. Akọ̀wé lè ṣàìsí nílé. Kò yẹ kí ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ tì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ wa ò ní bàjẹ́.