Àtúnṣe Orí Ẹ́ńjìnnì Tí Ó Sán



Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí orí ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Bí ó bá sán, omi lè jò wọ inú epo, ọkọ̀ a sì dúró lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ náà jẹun a di ẹni tí ń yáwó kiri.

Alumíníọ̀mù tí a pò mọ́ ohun mìíràn ni a fi ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti irin. Irin a máa pọ́n nínú iná kí ó tó yọ́. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Bí ooru bá tó ìwọ̀n 660 ti Celsius, ó ti yọ́, bẹ́ẹ̀ ni awọ tín-ín-rín tí ó bò ó kì í yọ́ títí ooru yóò fi ju 2,000 lọ. Ẹni tí ó bá jó o bí ẹni jó irin, lójijì ni yóò rí i tí gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń tún un ṣe? A ó kọ́kọ́ fọ epo ara rẹ̀ kúrò pátápátá. A ó dá ihò kékeré sí ìpẹ̀kun ibi tí ó sán, kí ó má baà sán síwájú. A ó gbẹ́ ojú ibẹ̀, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì tí kò kan irin rí fá awọ náà, a ó sì mú un móoru díẹ̀díẹ̀. Nígbà náà ni a ó fi iná mànàmáná àti afẹ́fẹ́ argon jó o. A ó jẹ́ kí ó tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a ó fi ẹ̀rọ tẹ́ ojú rẹ̀ dọ́gba, a ó sì dán an wò bóyá ó ń jò. Ṣùgbọ́n bí pístìnnì bá sán, òmíràn ni kí a rà.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má ṣe da omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná janjan. Ó lè sán an.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ tí ó sá fún ìwé. Ẹni tí kò mọ ìwọ̀n ooru yóò ba ohun olóhun jẹ́. Nítorí náà, a bẹ Ẹgbẹ́ wa kí ó yan àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní sùúrù, kí ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ náà dé ojú àmì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àìmọ̀ ni ògiri tiwa tí ó lanu. Ẹ jẹ́ kí a dí i.

Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa. Àmín.