Bí A Ti Ń Ṣírò Ewu Àrùn Ọkàn fún Ọjọ́ Pípẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìwé sí wa, ó ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, èyí tí í ṣe iṣẹ́ wa láti ìgbà tí a ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. A bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí a yí i padà, nítorí ikú kan tí ó bá wa lójijì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì tíì tán nílẹ̀ láàárín wa. Àwọn àlejò a máa bi wá bóyá ejò pọ̀ lórí erékùṣù wa tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní Snake Island. Ìrísí ilẹ̀ náà ni wọ́n fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ejò tí a wá sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í gbé inú koríko rárá.

Gbogbo yín ni ẹ mọ ẹni tí a ń wí, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 49 ni. Láràárọ̀ ni ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá sí Àpápá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní èbúté, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, a padà wálé. Ní ọjọ́ náà, bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí pákó, kò gbé èkejì. Àwọn dókítà ní ọkàn rẹ̀ ni ó dáṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn kan ti ń sọ pé ọwọ́ ayé ni, wọ́n sì na ìka sí ọmọ bàbá rẹ̀ nítorí ilẹ̀ ìdílé kan tí wọ́n jọ ń fà. Títí di òní olónìí, àbúrò olóògbé àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kì í kí ara wọn. Ẹ wo ibi tí wọ́n jókòó sí nínú gbọ̀ngàn yìí, ọ̀kan ní ìhà ọ̀tún, ọ̀kan ní ìhà òsì.

Ohun tí púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ ni pé ní ọdún 13 ṣáájú ọjọ́ náà, nígbà tí arákùnrin wa yìí jẹ́ ọmọ ọdún 36, àwa àti òun jọ kọjá níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì kan ti ń wọn ìfúnpá fún àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ajégúnlẹ̀. Tirẹ̀ jẹ́ 156 lókè, 98 nísàlẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ní kí ó padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń gbé àpò sìmẹ́ńtì, kò sì síbi tí ń dun òun. Àwa náà bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni ó gbé wa dìde lónìí.

Ìbéèrè wa ni èyí: ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí a wo ẹni tí ara rẹ̀ le, kí a sì ṣírò bí ewu àrùn ọkàn ti pọ̀ tó níwájú rẹ̀? Ó ṣeé ṣe, kì í sì í ṣe iṣẹ́ aríran. Ní ọdún 1948, àwọn oníṣègùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ìlú Framingham ní Amẹ́ríkà. Wọ́n kó ọkùnrin àti obìnrin 5,209 jọ, láti ẹni ọdún 30 títí dé 62. Wọ́n wọn ìfúnpá wọn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n bi wọ́n bí wọ́n bá ń mu sìgá. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ń pè wọ́n padà ní ọdún méjì méjì, wọ́n sì ń kọ orúkọ ẹni tí àìsàn bá kọlù sílẹ̀. Sùúrù ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó fi di ọdún 1961, wọ́n ti lè fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ a máa ṣáájú àrùn ọkàn wá, gẹ́gẹ́ bí ìkúùkù ti ń ṣáájú òjò.

Kí ẹ lè mọ ohun tí ìṣirò náà ń sọ àti ohun tí kò sọ, ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ ojú omi ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá kó ọkọ̀ 100 jọ sétí omi, tí gbogbo wọn gbó bákan náà, tí ìdí wọn ń jo, tí a sì ń di ẹrù lé wọn kọjá ìwọ̀n, ọ̀gá awakọ̀ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè sọ pé nǹkan bí 12 nínú wọn yóò rì kí ọdún tó yí po. Kò lè sọ pé ti Lágbájá ni tàbí ti Tàmẹ̀dò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni bí dókítà bá sọ fún ènìyàn pé ewu rẹ̀ jẹ́ 12 nínú 100. Kò sọ pé yóò kú, kò sì ṣèlérí pé yóò yè. Ó ní bí a bá kó ènìyàn 100 tí wọ́n rí bíi tirẹ̀ jọ, 12 nínú wọn ni àrùn náà yóò kọlù kí àkókò tí a dá tó pé. Ibi tí ń jo ṣeé dí, ẹrù ṣeé sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ orí ọkọ̀ nìkan ni kò ṣeé dá padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni àkókò tí a dá yìí. Ọdún 10 ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìṣirò náà ń dá, ọjọ́ orí ni ó sì ń wúwo jù nínú wọn. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ó tún ń mu sìgá, yóò gba nọ́ńbà kékeré, yóò sì lọ sùn. Ẹ ronú wo arákùnrin wa. Ká ní ẹnìkan ṣírò ọdún 10 fún un ní ọjọ́ Ajégúnlẹ̀ náà, tí ó sì sọ fún un pé ewu rẹ̀ kéré, onítọ̀hún kò purọ́. Ọdún 10 náà pé, ó wà láàyè, ó ń jó lóde àríyá. Ọdún kẹtàlá ni ó kú. Ìṣirò náà tọ̀nà, ikú sì wọlé.

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣírò ọdún tí ó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2006, wọ́n gbé ìṣirò gbogbo ọjọ́ ayé jáde láti inú ìwé Framingham. Nínú àwọn ọkùnrin ẹni ọdún 50 tí ìfúnpá wọn àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn dára pátápátá, tí wọn kò ní àtọ̀gbẹ, tí wọn kò sì mu sìgá, nǹkan bí 5 nínú 100 ni àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ yóò kọlù kí wọ́n tó pé ọdún 95. Nínú àwọn tí wọ́n ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àléébù ńlá wọ̀nyí, nǹkan bí 69 ni. Ti àwọn obìnrin jẹ́ 8 àti 50. Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ American Heart Association gbé ìṣirò tuntun tí ń jẹ́ PREVENT jáde. Ó ń ka ọdún 30 fún àwọn tí wọ́n wà láàárín ọdún 30 sí 59, ó sì ń ka iṣẹ́ kíndìnrín mọ́ ọn.

A gbọ́ ohun tí bàbá kan ń sọ lábẹ́ ohùn níwájú níbí, pé ti òyìnbó ni gbogbo èyí. Bàbá, òótọ́ wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tí a gbà láti ara àwọn ará Framingham kò lè bá wa mu régí. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gbé tábìlì tuntun jáde ní ọdún 2019, tí wọ́n ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹkùn 21 láyé, tí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ní tirẹ̀. Ọ̀kan wà nínú rẹ̀ tí kò béèrè ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni: ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí láti 40 dé 74, sìgá, ìfúnpá òkè, àti bí ara ti tẹ̀wọ̀n sí gíga ẹni. Àwọ̀ ni ó fi ń dáhùn, láti àwọ̀ ewé tí ewu rẹ̀ kò tó 5 nínú 100, títí dé pupa dúdú tí ó tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún 10. Ṣùgbọ́n pé àrùn náà jẹ́ ti òyìnbó, ìyẹn ni a kò gbà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládiípọ̀ Akínkùgbé tí ó kú ní ọdún 2020 lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín wa. Ìwádìí SIREN tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, sì fi àwọn 2,118 tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wé iye kan náà tí kò kọlù. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó ṣíwájú gbogbo ohun tí wọ́n rí. Iyọ̀ tí a ń bù sí oúnjẹ lẹ́yìn tí a ti sè é tán wà níbẹ̀, àìjẹ ẹ̀fọ́ náà sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí àwọn ọmọ ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ni à ń wí.

Kí ẹni tí kò tíì pé 40 má sọ pé kò sí ibi tí òun ó wò nínú tábìlì. Bí ìfúnpá bá ń tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tí a sì wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn tí ó ṣì rí bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ọdún 2021 ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ oògùn, àwọ̀ yòówù tí tábìlì ìbáà fi hàn. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ óò ka èyí ní England, bí ẹ bá wà láàárín ọdún 40 sí 74, wọ́n ń pe irú yín fún àyẹ̀wò yìí ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ẹ má fi lẹ́tà náà sábẹ́ àga.

A wá padà sọ́dọ̀ ẹ̀yin méjì tí ẹ ń bá ara yín jà. A kò lè búra nípa ohun gbogbo tí ó pa ẹ̀gbọ́n yín, nítorí ìṣirò ọgọ́rùn-ún ènìyàn kì í jẹ́rìí sí ẹnìkan. Ṣùgbọ́n a rí 156 náà pẹ̀lú ojú wa, ọdún 13 ṣáájú kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí tó ṣẹ́ yọ. Ẹ sì gbọ́ èyí tí àwọn oníṣègùn ń béèrè ṣáájú: bí àrùn ọkàn bá mú bàbá ẹni tàbí ọmọ ìyá ẹni lọ́kùnrin kí ó tó pé ọdún 55, ewu ẹni fúnra rẹ̀ ti ga sí i. Àbúrò rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bá jù, kò sì yọ ọmọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ni ó kàn kí a kọ́kọ́ wọ̀n.

Ẹ̀rọ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú yìí ni yóò sì máa lò ó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. A ti wọn tiwa lánàá: 148 lókè, 92 nísàlẹ̀. Ọmọ ọdún 53 ni wá, a kì í mu sìgá, a sì fẹ́ràn iyọ̀. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní kí a padà wá.