Ìwé Kíkà àti Iye Kíkà



Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún iṣẹ́ méjì: à ń ka ìwé, a sì ń ka owó. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, a ti ya kíkà méjèèjì nípá. Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ a máa fọ́nnu pé òun kò mọ ìṣirò. Ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà a sì máa fọ́nnu pé òun kì í ka ìtàn àròsọ. Èrò mi lónìí ni pé ìpínyà yìí ń pa tọ̀tún tòsì lára.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ni ó fún akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti mú ẹ̀kọ́ kékeré kan mọ́ olórí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìtúpalẹ̀ dátà jẹ́ ọ̀kan nínú irú ẹ̀kọ́ kékeré bẹ́ẹ̀. Bí mo ti dárúkọ dátà yìí, kí ọkàn yín má lọ sí èyí tí à ń rà sórí fóònù. Ohun tí mo ń wí ni àkójọ ẹ̀rí tí a lè kà, tí a lè tò, tí a sì lè fi wé ara wọn kí a tó sọ pé báyìí ni ọ̀rọ̀ rí. Ẹni tí ń kọ́ ìtàn, òfin, iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lè kọ́ ọ.

Kí ni ó kan lítíréṣọ̀ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 1787 sí 1788, Alexander Hamilton, James Madison àti John Jay kọ àròkọ 85 láti fi gbe òfin ìpìlẹ̀ tuntun ti Amẹ́ríkà lẹ́yìn. Orúkọ kan náà, Publius, ni wọ́n fi bo ara wọn. Nígbà tí ó yá, àríyànjiyàn dìde lórí 12 nínú àròkọ náà: ṣé Hamilton ni ó kọ wọ́n ni, àbí Madison? Àwọn òpìtàn jiyàn títí. Ní 1964, onímọ̀ ìṣirò méjì, Frederick Mosteller àti David Wallace, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ ni wọ́n kà, irú èyí tí òǹkọ̀wé kì í fiyè sí bí ó bá ń kọ̀wé. Wọ́n rí i pé Hamilton a máa lo “upon” lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gidigidi lọ́wọ́ Madison. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni ó mú wọn gbà pé Madison ni ó jọ pé ó kọ àwọn 12 náà. Ìbéèrè lítíréṣọ̀ ni ìbéèrè yẹn. Ìṣirò ni ó bá wa dáhùn rẹ̀.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rọ ti tó tán. Mo ti jìn sí kòtò yìí rí. Mo ní kí kọ̀ǹpútà bá mi ka àwọn ọ̀rọ̀ inú ìtàn àròsọ Yorùbá kan tí a tẹ̀ láìfi àmì sí i. “Oko” ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ. Inú mi dùn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé nípa ìfẹ́ òǹkọ̀wé náà sí iṣẹ́ àgbẹ̀ kí n tó padà sínú ìwé. Oko wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti da ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ìbá gba iye náà gbọ́, ìbá sì fi kọ́ ẹlòmíràn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Olórí ẹ̀kọ́ ni yóò sọ ohun tí ó yẹ ní kíkà. Ẹ̀kọ́ kékeré ni yóò kọ́ wa bí a ó ti kà á. Bí àwa bá kọ̀ láti kọ́ ọ, àwọn mìíràn yóò bá wa ka èdè wa láìfi àmì sí i, a kò sì ní rí ẹnu fi dá wọn lẹ́kun. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ lọ kọ́ bí a ti ń to ẹ̀rí sínú àtẹ, bí a ti ń yan àpẹẹrẹ láìṣègbè, àti bí a ti ń wádìí ibi tí iye kan ti wá. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi ìwé yín sílẹ̀ o.