Ìrìn Àjò Wa sí Àwọn Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Lọ́ńdọ̀nù

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù)

Nígbà tí Akọ̀wé bẹ̀ wá pé kí a wá ròyìn ohun tí a rí ní Lọ́ńdọ̀nù, a kọ́kọ́ kọ̀, nítorí ẹni tí ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ní ìlú ńlá kò yẹ ní ẹni tí í pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ ìlú náà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí a rí níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ láti ìgbà tí a ti padà dé. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe gbà láti sọ̀rọ̀ ní alẹ́ yìí.

Ẹni tí ó bá ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ó mọ̀ pé owó kọ́ ni yóò dí i lọ́wọ́ láti wọ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ibẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni a ń wọ British Museum. Ọ̀fẹ́ ni National Gallery tí ó wà ní Trafalgar Square. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ sì ni àwọn mẹ́ta tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ní South Kensington. Ẹsẹ̀ ni yóò dá ènìyàn lẹ́kun. A ti pinnu pé a ó wo ilé mẹ́ta ní ọjọ́ kan. Nígbà tí aago méjì ọ̀sán yóò fi lù, orí àga ni a wà, bàtà ti kúrò lẹ́sẹ̀, aya wa sì ń fi wá rẹ́rìn-ín. Kí ènìyàn mú ilé kan ní ọjọ́ kan, kí ó sì dé ibẹ̀ kí èrò tó dé.

Ní South Kensington, a wọ Natural History Museum, ilé tí wọ́n ṣí ní ọdún 1881. Bí a ti wọlé ni a rí egungun àbùùbùtán kan tí wọ́n so rọ̀ sí òkè láti ọdún 2017. Gígùn rẹ̀ ju mítà 25 lọ. A ti ń wàásù lórí Jónà láti ọjọ́ pípẹ́, a kò sì mọ̀ títí di ọjọ́ náà bí ẹ̀dá inú òkun ti lè tóbi tó. Ní Victoria and Albert Museum, àwọn Òyìnbó fi ẹfun mọ àwòkọ ọwọ̀n Ọba Trajan tí ó wà ní Róòmù. Nítorí pé ọwọ̀n náà ga ju òrùlé lọ, ńṣe ni wọ́n gé e sí méjì, tí wọ́n sì gbé ìdajì kan kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu níbẹ̀ ni pé wọn kò gbé ọwọ̀n gan-an kúrò ní Róòmù. Àwòkọ tó wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sí ọkàn, a ó padà bá a.

Gẹ́gẹ́ bí oníwàásù, a kò lè ṣe aláìyà sí British Library, níbi tí ìwé Codex Sinaiticus wà, ọ̀kan nínú àwọn Bíbélì àfọwọ́kọ tí ó pẹ́ jù lọ ní ayé. Ní ọdún 1933 ni wọ́n rà á lọ́wọ́ ìjọba Rọ́ṣíà ní ọ̀kẹ́ márùn-ún pọ́n-ùn, èyíinì ni £100,000. Ó sì ju ìdajì owó náà lọ tí ó ti ọwọ́ àwọn ará ìlú wá, tí olúkúlùkù dá gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀. A dúró níbẹ̀ pẹ́, a kò sì tijú láti sọ pé omi bọ́ lójú wa.

Ṣùgbọ́n British Museum ni ilé tí ó mú ọ̀rọ̀ wá. Oníṣègùn kan, Hans Sloane, ni ó fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó kú ní ọdún 1753. Ní ọdún náà ni Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wọn fi òfin dá ilé náà sílẹ̀, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1759. Nínú ẹrù Sloane ni ìlù kan wà tí wọ́n rí ní Virginia ní Amẹ́ríkà. Ọwọ́ àwọn Akan ní Gánà ni ó gbẹ́ ẹ; ọkọ̀ ẹrú ni ó gbé e kọjá òkun. Àwọn ọmọ iléèwé ń sáré kọjá lára rẹ̀ lọ síbi òkúta Rosetta, níbi tí èrò ti pọ̀ bí ọjọ́ ọjà. Òkúta náà kò ṣe é fojú tẹ́ńbẹ́lú ṣá o: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí i ní irú ìkọ̀wé mẹ́ta, òun ni Champollion fi tú àṣírí ìwé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ní ọdún 1822.

Ìsàlẹ̀ ilé ni wọ́n kó ohun Áfíríkà sí. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ ni a bá àwọn àwo idẹ Bìní pàdé, tí wọ́n fi kọ́ sára irin láti òkè dé ilẹ̀. Ogun ni ó kó wọn wá. Ní oṣù kejì ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní, wọ́n kó ààfin, iná sì jó ìlú. Wọ́n lé Ọba Ovonramwen lọ sí Kàlàbá, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi wàjà ní ọdún 1914. Ó lé ní 900 ohun Bìní tí ó wà ní ọwọ́ ilé kan ṣoṣo yìí.

Orí idẹ Ifẹ̀ kan náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú adé lórí rẹ̀ àti ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lójú. Ní ọdún 1938, níbi tí wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, ni ó jáde láti inú ilẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Èkó rà á, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939. Méjì mìíràn dé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ọ̀mọ̀wé Bascom, ṣùgbọ́n òun dá wọn padà fún Ifẹ̀ ní ọdún 1950. Ẹ rántí pé nígbà tí Frobenius ará Jámánì rí iṣẹ́ Ifẹ̀ ní ọdún 1910, kò gbà pé baba wa lè ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis ni. A bojú wo orí náà dáadáa. Ojú ẹni tí a mọ̀ ni.

Wàyí o, ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ kì í ṣe idẹ, igi ni. Ìlẹ̀kùn ààfin Ọgọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́ ni, tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́. Ní apá kan, Ọgọ̀gà jókòó pẹ̀lú adé, àwọn olorì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó ń bọ̀ lórí ohun tí ènìyàn rù ú lé, àwọn aláàárù sì ń tẹ̀ lé e. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ wọn jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé wọn yóò já kúrò lára pákó. Ní ọdún 1924 ni wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley. Àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fẹ́ rà á. Ọgọ̀gà kò gba owó, ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú Òyìnbó ni ó gbà dípò rẹ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò jí i. Pàṣípààrọ̀ ni.

Ibẹ̀ ni a dúró sí tí aya wa fi béèrè pé, "Baba, kí ló dé?" A kò lè dá a lóhùn. Nígbà tí a jẹ́ olùkọ́ ọ̀dọ́ ní ìlú kan ní Èkìtì, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, baba àgbà kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ wá bi wá léèrè ohun tí òun yóò ṣe sí ìlẹ̀kùn fínfín tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé baba òun. Àwa, pẹ̀lú ìgbóná ọkàn ọmọdé, dáhùn pé kí wọ́n tú u. Wọ́n tú u. Ní ọjọ́ ìkórè, òun ni àwọn obìnrin fi dá iná ọbẹ̀. A jẹ nínú ọbẹ̀ náà. Àwòrán ẹlẹ́ṣin àti obìnrin tí ó pọn ọmọ ni ó wà lára rẹ̀. Kò sí òrìṣà kankan níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò wò ó fínnífínní tó láti mọ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, a kò béèrè orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń pariwo pé kí Òyìnbó kó ẹrù wa padà, ohùn wa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tí ó jẹ gbèsè ni. Ó tọ́ kí wọ́n dá wọn padà. Horniman Museum, ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, ti fi ẹ̀tọ́ ohun Bìní 72 lé Nàìjíríà lọ́wọ́ ní ọdún 2022. British Museum ní òfin ọdún 1963 kò jẹ́ kí àwọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2024 wọ́n bá Victoria and Albert Museum kó ohun 32, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ wúrà, lọ sí ààfin Kùmásí, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwìn ni. Ẹ gbọ́ o: kí a yá ènìyàn ní ohun baba rẹ̀.

Ẹ̀yin Ìjòyè, a bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wọ ààfin àti agbo-ilé yín pẹ̀lú ìwọ̀n àti ìwé, kí wọ́n ya àwòrán gbogbo òpó àti ìlẹ̀kùn tí ó kù, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ohun wa lókèèrè, kí a ṣe àwòkọ fún un, bí àwọn náà ti ṣe ti ọwọ̀n Róòmù.

Ọ̀ràn kan kò lè dúró di ìpàdé tí ń bọ̀. Ìlẹ̀kùn fínfín kan kù ní ìlú yìí, ní ilé tí a kò ní dárúkọ. Oníṣòwò kan ti wá fi owó lọ baba tí ó ni ín, owó tí ó lè bo òrùlé tí ń jò ní ilé náà, tí ó sì tún lè san owó iléèwé ọmọ-ọmọ rẹ̀. A kò lè dá baba lẹ́bi. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa di ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀, wọ́n sì gbà. Àwa fúnra wa ti fi owó páànù díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ Akápò. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi kún un, Akápò wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nígbà tí a ń kọjá bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ìlẹ̀kùn baba ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọdé kan sì jókòó tì í, ó ń jẹ àgbàdo.